Kí ni lẹ́tà Heinrich Schenker ń sọ tí ìwé rẹ̀ kò sọ?

Olùkọ́_Dùùrù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ka lẹ́tà Heinrich Schenker, onímọ̀ tíọ́rì orin tí wọ́n bí ní Galicia ní 1868, tó sì fi Vienna ṣe ibùgbé títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935. Kí n má purọ́ fún yín, ìwé rẹ̀ ló sú mi tí mo fi sá lọ sídìí lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣí *Der freie Satz*, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì pa á dé kí n tó dé ìdajì, nítorí pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń ka òfin síni létí láti orí òkè.

Nínú lẹ́tà, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Òfin ni Schenker kà gboyè dókítà ní yunifásítì Vienna, ó sì tún jókòó ní kíláàsì Anton Bruckner, olórin ńlá tó ń kọ orin sínfónì, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ìlú náà, síbẹ̀ kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tó fún un ní àga olùkọ́ títí ó fi kú. Ilé rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá a, lọ́kọ̀ọ̀kan, nídìí dùùrù. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kó kúrò ní Vienna ńkọ́? Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló di kíláàsì. Felix-Eberhard von Cube lọ ń kọ́ni ní Duisburg, ibẹ̀ ló sì ti ń ya àwòrán ìtúpalẹ̀ orin ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kó lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Hans Weisse ré òkun kọjá ní 1931, ó lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ David Mannes ní New York, lẹ́tà rẹ̀ ló sì ń gbé ìròyìn bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń ta gbòǹgbò níbẹ̀ padà wá sí Vienna. Moriz Violin, tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bí kò ṣe ọ̀rẹ́ àtàtà, lọ gbé ní Hamburg. August Halm, tó ń kọ orin tó sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀, wà ní Jámánì, òun tó fẹ́ràn Bruckner dénú, tó sì ń bá Schenker jiyàn lórí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Èrò tèmi ni pé inú lẹ́tà ni ẹ̀kọ́ náà ti di ohun tí ẹlòmíràn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pé bí kò bá sí lẹ́tà, ọ̀nà ìgbọ́rin tí ọkùnrin kan ṣoṣo ń gbà ni ì bá jẹ́, ì bá sì bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Àyàn

Ọ̀gá Olùkọ́, mo júbà. Kí a tó wọ inú lẹ́tà, ẹ bá àwa tí a kò ka ìwé Jámánì sọ ẹ̀kọ́ náà ní sólfà, kí a lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀wé síra wọn lé lórí. Nínú agboolé tiwa, a kì í fi lẹ́tà kọ́ ọmọ ní ìlù. Ẹ̀yìn bàbá lọmọ ń jókòó sí, bó bá ṣi ọ̀pá lù, bàbá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á sì tún un lù. Mi ò rí bí ìwé ṣe lè di ọwọ́ ẹni mú.

Olùkọ́_Dùùrù

Ọmọ_Àyàn, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ mú Prelude àkọ́kọ́ nínú *Well-Tempered Clavier* ti Bach, èyí tó wà ní kíì C, tí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ dùùrù máa ń tẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ́ọ̀dù tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohùn orin tí ènìyàn lè kọ mọ́ ọn lẹ́nu. Schenker ní kí ẹ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn tó ga jù lọ ní báàrì àkọ́kọ́ ni mí. Ohùn tó ga jù lọ ní báàrì tó kẹ́yìn ni dò. Láàárín méjèèjì, mí yẹn ni orin ń gbé rìn, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ibi gíga wá síbi rírẹlẹ̀, ó tún ń dá a padà sókè, títí tí re fi dé nítòsí òpin, tí dò sì fi gbà á. Nísàlẹ̀, báàsì bẹ̀rẹ̀ ní dò, ó lọ dúró lórí sò láti báàrì 24 títí dé 31, ó sì padà sí dò. Mí, re, dò lókè. Dò, sò, dò nísàlẹ̀. Ohun tó wà lókè yẹn ló pè ní Urlinie, ìlà ìpìlẹ̀. Orin mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ ìlà tirẹ̀ láti sò tàbí láti dò òkè, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ wá sí dò ni gbogbo wọn.

Ní ti ọwọ́ tí ìwé ń dì mú, ìdí tí mo fi ní kí a wo lẹ́tà nìyẹn. Nígbà tí von Cube bá ya irú ìlà bẹ́ẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló gbọ́ ọ àbí ojú ló fi wá a kàn. Ẹni tó gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀ nìkan ló lè sọ fún un pé, “Re tí ẹ mú yìí kọ́, ti iwájú ni.” (Tèmi ni gbólóhùn yẹn o, kì í ṣe ti Schenker.) Kò sí bí a ṣe lè fi òfin gbogboogbò sọ ìyẹn nínú ìwé.

Ọmọ_Àyàn

Ó ti yé mi. Ẹ ò rí i pé mí, re, dò yẹn gan-an ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi kọ́ wa ní àmì ohùn Yorùbá. Mo kàn sọ ọ́ ni o, mi ò sọ pé Schenker gbọ́ Yorùbá.

Atúnnótì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ forí jì mí pé mo ń da omi sí ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n mo gbé ìwé Prelude tèmi jáde lẹ́yìn tí mo ka àlàyé Olùkọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, báàrì 36 ni mo bá. Sò tí báàsì dúró lé lórí, láti 25 dé 32 ló wà nínú tèmi. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà ni? Ìwé náà ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ adùùrù tó ṣáájú mi ní ìjọ wa ni mo ti jogún rẹ̀.

Akàwé_Òru

Bàbá Atúnnótì, ẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ìwé yín ló ní báàrì kan lé. Nínú èyí tí Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, báàrì 35 ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Schwencke ló fi ìkan kún un nígbà tó ń dà á kọ, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo báàsì yín ní báàrì 22, fe ló wà níbẹ̀. Nínú ti Bach, ohun tó tẹ̀ lé e ni lá tó wálẹ̀ ní ààbọ̀ ohùn, ó sì fo sò tó wà láàárín kọjá. Fífò yẹn ló le létí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, ló bá fi sò dí àlàfo náà. Sò tí Bach ń fi pa mọ́ títí di báàrì 24, tí gbogbo ìpìlẹ̀ orin náà ń retí, alátùn-únṣe ti tú àṣírí rẹ̀ síta kí àkókò tó tó. Ẹ tẹ méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá Olùkọ́ fi ẹ̀rí kún ọ̀rọ̀. Irú nǹkan báyìí ni Schenker ń bá jà títí ayé rẹ̀, pé àwọn tó ń tẹ ìwé orin ń fi ọwọ́ tiwọn bo ọwọ́ ẹni tó kọ orin. Ní 1925, ọmọ Netherlands kan tó lówó lọ́wọ́, Anthony van Hoboken láti Rotterdam, di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé àfọwọ́kọ gbà á lọ́kàn, nígbà tó sì di 1927 ó fi owó rẹ̀ dá ibi ìkópamọ́ sílẹ̀ nínú ilé ìkàwé ìjọba ní Vienna, tí wọ́n ń ya fọ́tò ìwé tí Bach, Haydn, Mozart, Beethoven àti àwọn yòókù fi ọwọ́ ara wọn kọ. Kò sí ìwé Schenker tí ẹ lè kà kí ẹ mọ bí nǹkan yẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Inú lẹ́tà lẹ ti máa rí i bí ìmọ̀ràn olùkọ́ ṣe di iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Hoboken kan náà ló wá ṣe àkójọ orin Haydn, apá kìíní jáde ní 1957, òun ló fà á tí ẹ fi ń rí “Hob.” lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lórí sonata Haydn tí ẹ ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí n tó gbàgbé, Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ fi pẹ́ńsùlù fa báàrì 23 yẹn yọ, ẹ fà á yọ nínú Prelude nìkan. *Ave Maria* tí Gounod kọ lé e lórí, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin yín máa ń kọ níbi ìgbéyàwó, ìwé tó ní báàrì àlékún náà ni Gounod lò. Bí ẹ bá yọ ọ́ níbẹ̀, akọrin ohùn òkè yóò kù sójú ọ̀nà.

Atúnnótì

Mo dúpẹ́ o, ọmọ mi. Mo ti tẹ méjèèjì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tẹ ti Schwencke mọ́ ti Bach láìmọ̀.

Akàwé_Òru

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó jẹ́ pé àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Ìwé Jámánì ni mo kà ní yunifásítì, Leeds ni mo sì ń gbé báyìí, nítorí náà mo máa ń ka lẹ́tà yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo ń wo bí wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ian Bent, David Bretherton àti William Drabkin kó èyí tí wọ́n ṣà jọ nínú wọn sínú ìwé kan ní 2014, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” àti “o”, Jámánì ní in. *Sie* ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún, *du* sì ni fún ẹni tó súnmọ́ni. Kódà *Sie* yẹn, “wọ́n” gan-an ni nínú gírámà wọn, bí àwa náà ṣe ń sọ pé “wọ́n ti dé” nígbà tó jẹ́ bàbá kan ṣoṣo ló wọlé.

Moriz Violin nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Schenker ń pè ní *du* nínú àwọn olórin tó ń kọ̀wé sí. Ó tilẹ̀ fún un ní orúkọ ìnagijẹ, Floriz. Weisse, tó ti ń bá a kẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, “ẹ” ló wà láàárín wọn títí. “Meister” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, bí a ṣe ń sọ pé “Ọ̀gá mi”. Bí a bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì, a ó rò pé ọ̀rẹ́ méjì ló ń jíròrò orin. Bí a bá ka Jámánì, a ó rí i pé ẹni tí àtúnṣe ìlà mí-re-dò rẹ̀ ń ti òkè wá, orí ìkúnlẹ̀ ló wà, kò sì rọrùn fún un láti sọ pé, “Ọ̀gá, etí mi gbọ́ re níbòmíràn.” Ìyẹn fi hàn pé ọwọ́ tí lẹ́tà ń dì mú, ó lè di í mú jù.

Ẹ má sì gbàgbé obìnrin tó wà nídìí tábìlì. Ọwọ́ Schenker burú, àwọn onímọ̀ ṣì ń fi ojú wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èyí tó hàn ketekete, Jeanette aya rẹ̀ ló kọ ọ́. Ọkọ ń pè é, òun ń kọ ọ́, lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń dúró de kí ẹnì kan dárúkọ lẹ́tà kan, ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Mo lọ wá a fúnra mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1933, Schenker kọ̀wé sí von Cube yìí kan náà, ó yin Hitler pé ó gbá Marxism kúrò nílẹ̀, pé àwọn ìran tó ń bọ̀ yóò ṣe àyẹ́sí iṣẹ́ náà, ó sì ń béèrè ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún àwọn “Marxist” inú orin. Júù sì ni Schenker o. Violin ọ̀rẹ́ rẹ̀, Júù ni, ọdún yẹn gan-an ló sì ní láti fi Hamburg sílẹ̀ padà sí Vienna.

Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ ní ohùn rẹ̀ nínú lẹ́tà yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Lójú tèmi, ohùn kan náà ni. Ẹni tó gbà pé ohùn kan ló jẹ́ ọba, tí gbogbo ohùn yòókù jẹ́ ẹrú rẹ̀, tó tún gbà pé orílẹ̀-èdè kan ló jẹ́ ọba lórí àwọn yòókù, ṣé a lè sọ pé orí méjì ló ń rò ó?

Olùkọ́_Dùùrù

Ọmọ_Àyàn, mo ti ka lẹ́tà náà. N kò dárúkọ rẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ni nígbà náà, kò ju ogún oṣù lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó kú, kò sì rí ohun tó dé lẹ́yìn. Mí, re, dò inú Prelude yẹn kò mọ Hitler rí. Etí Bàbá Atúnnótì ló fi gbọ́ báàrì àlékún, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú.

Akàwé_Òru

Olùkọ́, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n n kò lè bá yín lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ arúgbó aláìsàn. Ní 1921, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé àtẹ̀jáde rẹ̀ *Der Tonwille*, òṣèlú ló fi ṣí i, àròkọ lórí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán ọlọ́gbọ́n Jámánì. Ibẹ̀ ló ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin nípa Faransé àti nípa àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀, ará Senegal tí Faransé kó lọ. Emil Hertzka, olórí ilé-ìtẹ̀wé Universal Edition, kò fẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì hùmọ̀ orúkọ ilé-ìtẹ̀wé tí kò sí níbì kankan láyé, òun ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà tí àwọn méjèèjì kọ síra wọn lórí ọ̀rọ̀ *Tonwille* kún fún ìbínú, ó sì débi tí lọ́yà fi wọ ọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú kan ọ̀rọ̀ orin. Òun fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀, tó sì bínú sí ẹni tó ní kó tú wọn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn mìíràn tú wọn. Nígbà tí Oswald Jonas, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tún *Der freie Satz* tẹ̀ ní 1956, ó yọ àwọn ibì kan kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí Ernst Oster túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1979 kó àwọn ibi bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ìwé. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Àwọn tó sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń wá bí ẹ̀kọ́ ọ̀gá wọn kò ṣe ní í parẹ́ nílẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n nítorí èyí ni lẹ́tà fi ṣe pàtàkì ju bí Olùkọ́ ti sọ lọ. Ìwé ni wọ́n rí gé, lẹ́tà wà bó ṣe wà. Nígbà tí Philip Ewell, onímọ̀ tíọ́rì orin tó jẹ́ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tíọ́rì orin ní oṣù kọkànlá 2019, tó ní èrò ọkùnrin yìí lórí ẹ̀yà àti èrò rẹ̀ lórí ohùn, iléélẹ̀ kan náà ni, lẹ́tà àti ìwé ìrántí wà lára ohun tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní 2020, àwọn kan dá a lóhùn nínú ìwé àtẹ̀jáde kan tí wọ́n fi orúkọ Schenker pè, ariwo ńlá ló sì ti ibẹ̀ jáde.

Èmi kò gba gbogbo ọ̀rọ̀ Ewell. Mo rò pé a lè gbọ́ ìlà ìpìlẹ̀ láìka ohùn yòókù sí ẹrú, nítorí kò sí ohun tí mí ń ṣe bí kò bá sí kọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí a má tilẹ̀ mọ ohun tó kọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Jeanette, tó fi ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ yẹn kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kó o lọ sí Theresienstadt, àgọ́ tí ìjọba Hitler ń kó àwọn Júù sí, nítorí pé Júù ni. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945. Kí ó tó di pé wọ́n kó o, ó ti fi púpọ̀ nínú ìwé ọkọ rẹ̀ lé àwọn tó lè tọ́jú wọn lọ́wọ́. Oster gbé apá kan dé New York, ibẹ̀ ló wà nínú ilé ìkàwé ìlú títí di òní. Apá mìíràn dé ọwọ́ Jonas, ó sì wà ní yunifásítì California ní Riverside. Bí ó bá ṣe pé ó dáná sun ìwé ìrántí ojoojúmọ́ yẹn, ta ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Olùkọ́_Dùùrù

Àǹtí Akàwé, ẹ ti gbọ̀n mí nù. Ọ̀rọ̀ Jeanette yẹn ni n kò mọ̀ rí. Mo gbà pé mo fẹ́ fi lẹ́tà ṣe ibi ìsádi kúrò lọ́wọ́ ìwé, tí mo sì ń ṣa èyí tó dùn mọ́ mi jẹ nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì kúrò lórí ohun tí mo sọ, pé inú lẹ́tà ni ẹ̀kọ́ náà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo *Fünf Urlinie-Tafeln*, ìtúpalẹ̀ márùn-ún, tí Prelude Bach wa yìí wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó kó jọ ní 1931 ló ń bá ṣiṣẹ́ lórí wọn, Felix Salzer wà níbẹ̀, nítorí Weisse tó wà ní New York ni ilé-ẹ̀kọ́ Mannes sì fi bá wọn dá sí títẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, àwòrán nìkan. Ìwé kan ṣoṣo nìyẹn tó kọ tí kò bú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Àyàn

Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, Ọ̀gá. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ túmọ̀ mẹ́ta nínú lẹ́tà náà sí Yorùbá fún kíláàsì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti 14 oṣù karùn-ún sí i, lódindi, kí ẹ sì jẹ́ kí “ẹ” àti “o” inú rẹ̀ wà bí Jámánì ṣe ní in.

Olùkọ́_Dùùrù

Mo gbọ́. Yóò wà níbẹ̀, ewé kẹta, lẹ́yìn àwòrán Prelude. Àǹtí Akàwé, ẹ bá mi yẹ ìtumọ̀ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. “Ẹ” ni Schenker ń pe von Cube, àbí?

Akàwé_Òru

“Ẹ” ni. Ẹ fi ránṣẹ́ bó bá ti ṣe tán.